Àgbo Kọ́, Ọtí Ni

Asawase, Kumasi
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àílà

Ràṣídì, Àkànbí ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Mo kí ọ, mo kí Àwáwù ìyàwó rẹ kú ewu ọmọ, mo kí ọmọ tuntun tó sọ mí di ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kejì. Ọlọ́run Ọba á dá a sí fún wa. Mo tún kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun, ìwọ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń ta táìlì. Kíkí parí síbẹ̀. Ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ìdí nìyẹn tí kíkí mi fi kúrú.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti Asawase dé ilé tuntun yín ní Dichemso. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí mo bá wá, màá pariwo, Àwáwù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á gbọ́, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wàá sì pa á mọ́ mi létí. Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Bí a bá sì jókòó lójúkojú, wàá rín ẹ̀rín tó jọ ti bàbá rẹ yẹn, wàá ní, "Ẹ̀yin náà, Màámi, àgbo lásán," èmi náà á bá ọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú tìrẹ máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ni. Nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí Ruka ọmọ rẹ ti wà lọ́dọ̀ mi kí ìyá rẹ̀ lè ráyè gbọ́ ti ọmọ tuntun. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń da gbogbo agbo ilé láàmú. Lọ́jọ́ Ajé, a ti kírun Alásárì tán, mo jókòó sórí àpótí lágbàlá, mo ń ṣa jéró tí mo fẹ́ fi ṣe kókò mímu, jínjà àti kànáfùrù wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn obìnrin méjì tí a jọ ń gbé ń fọṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi. Mo kàn fẹ́ nàró díẹ̀ ni, mo fọwọ́ ti ìbàdí, mo ní ìbàdí yìí mà ń dùn mí o. Ni Ruka bá dìde. Ó ní, "Nana, dúró." Ọmọ yìí ò mọ "ẹ" rárá, Twi tí ẹ ń sọ fún un nílé ti gba "ẹ" lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn, a máa jà á lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wọ yàrá, ó gbé ìgò sobolo jáde, omi ìṣápá tí mo ṣe fún òun fúnra rẹ̀. Ó dojú ìgò délẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pà, pà. Ó ṣí i, ó bù ú sínú ìdérí. Ó ta díẹ̀ sílẹ̀. Ó gbórí sẹ́yìn, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, ó fún ojú pọ̀, ó ní "kááà", ó sì fọwọ́ lu àyà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mò ń sọ, Ràṣídì.

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi fẹ́ ṣubú sínú ọpọ́n aṣọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ó tún bù ú kún ìdérí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó ní, "Nana, gye aduro." Oògùn ni kí n gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa kànáfùrù kan nínú àwo mi, ó sì ní, "Jẹ èyí tẹ̀ lé e, kí Mama má gbóòórùn. Tí Mama bá béèrè, sọ pé àgbo ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin náà tẹjú mọ́ aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Mo ń wo ọmọ, ọmọ ń wò mí, ó ń retí kí n mu. Mo gbà á, mo mu sobolo náà, kí ẹ̀rù má bàa bà á. Nígbà tí mo fà á wọlé, mo rọra bi í pé ìgbà mélòó ni Papa ń mu àgbo yìí lójúmọ́. Ó na ìka: kó tó lọ síbi iṣẹ́, nígbà tó bá dé, àti nígbà tí bébì bá ń ké. Bébì tí kò tíì pé oṣù kan!

Wàá rò pé mímu náà ló dá mi lápá. Rárá. Títa tó ta díẹ̀ sílẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ní spọ́ọ̀tì, ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ ilé yín, lo ti kọ́ ọ, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń ta nsa, ọtí wọn, sílẹ̀ fún àwọn bàbá ńlá wọn. Kò sí bàbá ńlá tìrẹ tó ń retí ọtí nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìlọrin. Ṣùgbọ́n gbígbá ìdí ìgò lẹ́ẹ̀mejì, pà, pà, àti kànáfùrù tó tẹ̀ lé e, kò sí spọ́ọ̀tì tó kọ́ ọ níyẹn. Èmi ni mo ni ín. Èmi ìyá rẹ. Kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kumasi. Mo rí ọwọ́ ara mi lára ọmọ ọmọ mi.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí mo bí ọ, ìbàdí mi kò padà bọ̀ sípò. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ń ta abọ́ tánńganran, èmi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fáwọn télọ̀ ní Ashanti New Town. Láti àárọ̀ dalẹ́ lórí àpótí kékeré. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà gbé ìgò kan wá fún mi, egbò igi ló kún inú rẹ̀, akpeteshie, ògógóró ilẹ̀ yìí, ni wọ́n sì dà lé e lórí. Ó ní ìdérí kan láàárọ̀. Mo bi í bóyá ọtí ni. Ó ní oògùn ni, aduro, kì í ṣe nsa. Mo gbé e délé, mo sì pè é ní àgbo.

Wo ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Àgbo tí ìyá mi ń sè fún wa ní Ìlọrin, ewé àti omi ni, nínú ìkòkò, lórí iná. Kò sí Mùsùlùmí tó ń sá fún un. Nínú ilé wa, a kì í dá orúkọ ọtí lẹ́nu. Bí mo bá pè é ní ọtí, kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo wá wọ aṣọ àgbo fún un, ó sì bá wa wọlé, ó jókòó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́dún mẹ́jọ gbáko. Bí ìgò bá gbẹ, màá ra ògógóró tuntun dà lé egbò àtijọ́, títí egbò náà fi funfun bí pákò tí wọ́n ti rin tán. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Egbò tèmi pẹ́ nínú ọtí, òun náà di ọtí, èmi ò sì yé pè é ní àgbo. Màá gbá ìdí ìgò kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè pò pọ̀, màá mu, màá jẹ kànáfùrù. Àwọn oníbàárà mi ń yìn mí pé ẹnu Ìyá Ràṣídì ń ta sánsán.

Lọ́jọ́ kan inú ń run ọ́, o ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Mo bu ààbọ̀ ìdérí fún ọ. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá, Ruka ló rán mi létí lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fi ìdérí yẹn kàn ọ́ lẹ́nu. Dárí jì mí.

Walímà rẹ ńkọ́? O rántí jàlàbíà funfun àti láwàní tí bàbá rẹ rán fún ọ. O pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ara mi ò balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ìdérí mẹ́ta pẹ̀tù sí i. Wọ́n gbé ọ sórí ẹní, o bẹ̀rẹ̀ sí í ké Àlùkùránì, ohùn rẹ ń dún. Nígbà tó dé àárín, ó sá mọ́ ọ lórí. O gbójú sókè, o ń wá mi láàárín àwọn obìnrin. Mo ti sùn. Mo lanu sílẹ̀, gèlè mi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Àáfà bi ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ló ṣe ìyá rẹ. O dáhùn, gbogbo èèyàn sì gbọ́, o ní, "Àgbo ni wọ́n mu. Ìbàdí ń dùn wọ́n."

Bàbá rẹ ló sọ ọ́ fún mi kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń retí kí n sọ ọ́ fúnra mi ni. Ó ní, "Ọmọ rẹ jókòó ti Àlùkùránì, ó parọ́ nítorí rẹ, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni." Gbólóhùn kan ṣoṣo. Títí dòní, bí mo bá wà nídìí kókò, mo máa ń gbọ́ ọ.

Mo fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé. Mo rò pé o ò rántí, mo rò pé ọmọdé ò rí nǹkan. Mo ń fi ọ́ yangàn láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ pé ọmọ tèmi mọ́ tónítóní. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti wa ju ogún ọdún lọ, ọmọ ọdún márùn-ún ló bá a, pẹ̀lú ìgò sobolo.

Ó dáa. Ẹkún kì í tún ọ̀rọ̀ ṣe. Gbọ́ ohun tí mo mọ̀, nítorí ojú ara mi ló rí i.

Èkíní, pè é ní orúkọ rẹ̀. Má tíì da nǹkan kan nù, kọ́kọ́ pè é. Àwáwù ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Àárín Alásárì sí Mọ̀gàríbì ni mo fi jókòó síwájú bàbá rẹ tí ẹnu mi ò ṣí. Nígbà tó ṣí, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló jáde, "Ọtí ni mò ń mu." Ó dà bíi pé mo gbé àpò sìmẹ́ńtì kúrò lórí. Gbogbo ohun tí o bá ṣe láìsọ gbólóhùn yẹn, wàá padà síbẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí i.

Èkejì, lọ sí ilé ìwòsàn. Jọ̀ọ́, gbọ́ èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi ṣe akin, mo dà á nù sí gọ́tà lọ́jọ́ kan náà, mo ní ó tán. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn ń bò mí, mò ń rí èèrà lára ògiri tí kò sí èèrà kankan. Bàbá rẹ ló gbé mi sáré lọ. Dókítà bá mi wí, ó ní ara tí ọtí ti mọ́ lára, kò yẹ kí èèyàn dá gé e lójijì láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, pé ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Nítorí náà sọ iye tí ò ń mu fún wọn, má dín in kù. Mo fi híjáàbù bo orí lọ síwájú nọ́ọ̀sì, mo rò pé ilẹ̀ á lanu gbé mi. Nọ́ọ̀sì yẹn kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kí o sì fi ìbàdí tí ò ń torí rẹ̀ mu ún hàn wọ́n níbẹ̀. Páálí táìlì tí ò ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ gbé nígbà tí o ti di ọ̀gá, kí ni ti ìyẹn? Ìbàdí tèmi, ìjókòó ló fà á. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ àpótí, kí n sì máa dìde rìn. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi mu ọtí sí ohun tí àga tó ga díẹ̀ lè wò.

Ẹ̀kẹta, ọtí ní àkókò tirẹ̀, o ní láti gba àkókò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi, lẹ́yìn Alásárì ni, nígbà tí ọjà bá dá. Àkókò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀, màá fà ọ́ lọ́wọ́, a ó rìn láti Ashanti New Town dé Dichemso, a ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà, a ó sì rìn padà. O rántí? O ti sọ fún Àwáwù lójú mi rí pé ìgbà yẹn ló dùn jù nínú ìgbà ọmọdé rẹ. Ìgbafẹ́ lo rò pé ó jẹ́. Oògùn mi ni. Ọwọ́ rẹ tí mo dì mú ni kò jẹ́ kí n di ìgò mú. Ìwọ náà, gba ọ̀nà mìíràn délé, má gba iwájú spọ́ọ̀tì yẹn kọjá. Fa Ruka lọ́wọ́, kí ẹ jọ rìn.

Èyí tó kàn, mi ò ka iye mọ́. Mu omi tí o bá jí. Kókò gbígbóná dáa ju búrẹ́dì àti móòtì tí ò ń gbé mì lórí ìdúró. Jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, kí o sì bá wọn jẹ ẹ́, kí fóònù wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Tètè sùn, ẹni tó bá sùn dáadáa, Àsùbáà ò ní nira fún un. Bí bébì bá ń ké, gbé e kọ́ èjìká, kí o máa rìn káàkiri yàrá. Ọmọ tuntun, ẹkún ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe pé ó ń bá ọ jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ti mu ún, má gbé ọmọ yẹn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sórí àyà rẹ. Gbé e fún ìyá rẹ̀. Tí èèyàn bá sùn oorun ọtí, kò ní mọ̀gbà tó máa yí lu ọmọ. Mi ò fẹ́ fi ìka kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá sì ṣubú, dìde. Èmi ṣubú lóṣù kẹrin, ìdérí kan ṣoṣo, mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, mo tún sọ fún bàbá rẹ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹran kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi ń wọgbà. O mọ òwe náà.

Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. O ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àmọ́ nílé ni kí o ti bínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà nígbà tí orí tìrẹ wọ́, mò ń sùn. Mi ò ní sùn lójú ti Ruka. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ ilé kéú. Lọ́jọ́ kan òun náà á jókòó sórí ẹní níbi walímà tirẹ̀, á sì gbójú sókè wá bàbá rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ nìyẹn o, kí o lajú lọ́jọ́ yẹn.

Ó ku ọ̀kan. Lánàá, mo gbé Ruka lé ẹsẹ̀, mo ní, "Ruka, ohun tó wà nínú ìgò Papa, àgbo kọ́, ọtí ni. Nana náà mu ún rí, ó sì fi í sílẹ̀." Má bínú pé mo sọ ọ́. Mo ti dákẹ́ fún ọmọ kan rí, o rí ohun tó dà.

Ó ń fọwọ́ yí bọ́tìnì aṣọ mi. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, "Nana, ṣé Papa mọ̀ pé ọtí ni?"

Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin agbo ilé mú un wá, òun ló gbé lẹ́tà yìí fún ọ, ó wà níwájú rẹ báyìí, mo sì mọ ọmọ yẹn, ó ń dúró kí o kà á tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó mu ún ṣáájú rẹ.